Ewé ọ̀pẹ tó ń pọ́n ní Pobè àti Sakété: kí ni ilẹ̀ ń bèèrè?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Porto-Novo gòkè lọ sí Pobè, bó bá ti dé Sakété, ohun méjì ni ojú rẹ̀ yóò máa rí títí yóò fi dé ibi tó ń lọ: ilẹ̀ pupa àti igi ọ̀pẹ. Ilẹ̀ náà pupa tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń kun ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ìsàlẹ̀ ògiri ilé. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó wà láàárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ó sì wà ní oko ńlá tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ibi tí ọ̀pẹ bá pọ̀ tó báyìí, ilẹ̀ ibẹ̀ kò lè ṣe aláìní ohun tí ọ̀pẹ ń fẹ́. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, a máa ń rí ọ̀pẹ tí àwọn imọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n, tí ara wọn ní àmì tótòòtó bí irin tó dógùn-ún, tí wọ́n sì ń gbẹ láti ṣóńṣó wá. Bí ọdún bá yípo, ìdì ẹyìn rẹ̀ a kéré sí ti èṣí.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni à ń gbọ́. Ẹnì kan á ní igi náà ti darúgbó. Ẹlòmíràn á ní aráyé ló ń ṣe oko náà. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní í bèèrè ìdí, á ní kí wọ́n wó o lulẹ̀, kí wọ́n dá ẹmu rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹmu náà se sódàbì. Òótọ́ ni pé igi a máa darúgbó, òótọ́ sì ni pé àrùn wà. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ pupa yìí, ohun kan wà tó yẹ kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ fura sí kó tó mú àáké: ó lè jẹ́ pé ebi ló ń pa ọ̀pẹ náà. Ebi yìí kì í ṣe ebi omi nìkan. Ebi àwọn èròjà onírin ni, àwọn tí ewé kò lè ṣe kí wọ́n má sí bó bá fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ.

Ibùdó tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní Pobè. Ní ọdún 1922, nígbà tí Dahomey ṣì wà lábẹ́ ìjọba Faransé, ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Epo pupa àti èkùrọ́ ni ọrọ̀ ńlá tó ń ti ilẹ̀ yìí lọ sókè òkun nígbà náà, ojú irin tó sì ti Porto-Novo gba Sakété dé Pobè bá wọn kó ẹrù yẹn lọ sí etí omi. Nígbà tó yá, ibùdó náà bọ́ sọ́wọ́ IRHO, àjọ àwọn ará Faransé tó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn igi àti ohun ọ̀gbìn elépo. Lónìí, abẹ́ INRAB, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ló wà. Láti ibẹ̀ ni irúgbìn ọ̀pẹ tí wọ́n ti mú dára sí i ti ń jáde: ọ̀pẹ tí èèpo líle tó bo ọmọ èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ara ẹyìn tí epo wà nínú rẹ̀ sì nípọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin irúgbìn rere gbọ́dọ̀ rántí pé igi tó ń so púpọ̀, púpọ̀ náà ló ń jẹ. Láàárín ọ̀rúndún 20, àwọn onímọ̀ tó wà ní Pobè fún àwọn ọ̀pẹ kan ní ajílẹ̀ pòtásíọ̀mù, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ láìfún wọn, wọ́n sì ń wọn ìdì ẹyìn àwọn méjèèjì. Wọ́n tún ń já ewé wọn lọ yẹ̀ wò. Ohun tí iṣẹ́ wọn fi hàn kò rújú: lórí ilẹ̀ pupa gúúsù Bẹ̀nẹ̀, pòtásíọ̀mù ni ohun àkọ́kọ́ tó ń wọ́n ọ̀pẹ.

Àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pe ilẹ̀ yìí ní “terre de barre”. Láti inú ọ̀rọ̀ àwọn Potogí tó túmọ̀ sí amọ̀ ni orúkọ náà ti wá. Irin gan-an ló sọ ọ́ di pupa, irin tó ti dógùn-ún mọ́ inú amọ̀. Ilẹ̀ náà jìn, ó rọrùn láti ro, gbòǹgbò sì ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé irú amọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ní ọwọ́ púpọ̀ tó lè fi di èròjà mú. Òjò tó ń rọ̀ ní Pobè, nǹkan bíi 1,200 mìlímítà lọ́dún, ń fọ èyí tó bá yọ́ nínú omi lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò lè dé. Èyí yàtọ̀ sí ilẹ̀ dúdú tó wà lápá Issaba, tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà nígbà òjò tó sì ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: amọ̀ ti ọ̀hún ń di èròjà mú gírígírí. Lórí ilẹ̀ pupa, ohun tó ń di èròjà mú jù ni ilẹ̀dú, ìyẹn ewé àti igi tó ti jẹrà. Bí a bá sun ewé náà tán, tí a sì gbá ojú ilẹ̀ mọ́ fínnífínní, ọwọ́ tí ilẹ̀ fi ń di ẹrù rẹ̀ mú la gé yẹn.

Ilé ìdáná tó wà nínú ewé

Kí ni ewé ń fi àwọn èròjà onírin ṣe? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a rántí ohun tí ewé gan-an ń ṣe. Ewé kọ̀ọ̀kan dà bí ilé ìdáná. Gáàsì kábọ́nì tí ènìyàn àti ẹranko ń mí síta ń wọlé láti inú afẹ́fẹ́, omi ń gòkè láti gbòǹgbò, oòrùn sì ni iná tí wọ́n fi ń dáná. Ohun tí wọ́n ń sè ni ṣúgà, òun ni igi ń sọ di igi líle, di ewé, di ẹyìn àti epo. Bí wọ́n ti ń sè é ni ọ́síjìn ń jáde, òun sì ni gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ń mí sínú. Fọ́tòsíńtẹ́sì ni àwọn onímọ̀ ń pe iṣẹ́ yìí.

Àwọn èròjà onírin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sè. Àwọn ni ìkòkò, ọ̀bẹ, ìpọnbẹ̀ àti ààrò ilé ìdáná náà. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá sọnù, iná lè máa jó títí kí oúnjẹ má délẹ̀. Wọn kì í sì í wà níbẹ̀ bí irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù. Bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú ọbẹ̀ tí ojú kò rí i mọ́, tí ahọ́n sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ́ nínú omi ilẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó yọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé agbára mànàmáná bíńtín lára. Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Ọ̀nà yìí nìkan ni gbòǹgbò fi lè mú wọn. Ìdí nìyẹn tí irin fi lè kún inú ilẹ̀ pupa tí kò fi ní í ṣe ọ̀pẹ ní àǹfààní púpọ̀, nítorí irin tó dógùn-ún kì í fẹ́ yọ́.

Àkọ́kọ́ nínú wọn ni màgínísíọ̀mù. Ní ọdún 1817, àwọn apòògùn méjì ní Paris, Pelletier àti Caventou, yọ àwọ̀ tútù tó wà nínú ewé jáde, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí títí dòní, “chlorophylle”. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ni wọ́n yọ kínínì jáde lára èèpo igi ní ọdún 1820, oògùn tí àwọn baba wa fi bá ibà jà. Lẹ́yìn wọn, Richard Willstätter, ọmọ Jámánì, fi hàn pé màgínísíọ̀mù wà nínú àwọ̀ ewé náà nígbà gbogbo, kì í ṣe ìdọ̀tí tó ṣèèṣì bá a pàdé. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1915 nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí àwọ̀ àwọn ohun ọ̀gbìn. Ẹyọ màgínísíọ̀mù kan ṣoṣo ló jókòó láàárín ẹyọ àwọ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, bí òkúta ṣe ń jókòó lójú òrùka. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé òrùka tó jọ ọ́ gan-an wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, irin ló sì jókòó lójú tirẹ̀. Hans Fischer, tó ṣiṣẹ́ lórí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti àwọ̀ ewé, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1930. Ewé tútù àti ẹ̀jẹ̀ pupa, ìbátan ni wọ́n.

Iṣẹ́ màgínísíọ̀mù kò tán síbẹ̀. Èyí tó wà nínú àwọ̀ ewé kò ju ìdá kékeré lọ nínú gbogbo èyí tí igi ní. Èyí tó kù ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: òun ló ń ta ohun tó ń mú gáàsì kábọ́nì sínú ṣúgà jí, òun ló sì ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ewé lọ síbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ìkejì ni máńgánísì. Orúkọ rẹ̀ jọ ti màgínísíọ̀mù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Máńgánísì ló ń fọ́ omi. Omi kì í ṣe ohun tó rọrùn láti fọ́, síbẹ̀ ewé ń fọ́ ọ láìsí ariwo ní gbogbo ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Ní ọdún 1969, Pierre Joliot, onímọ̀ ọmọ Faransé tí Marie Curie jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kíyè sí ohun kan: bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ sí ewé ní ìṣẹ́jú àáyá kéékèèké, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ọ́síjìn kì í jáde bákan náà. Ó ń pọ̀ ní ìkẹta, lẹ́yìn náà ó tún ń pọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìtànṣán mẹ́rin-mẹ́rin. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bessel Kok ṣàlàyé ìdí rẹ̀: ohun tó ń fọ́ omi ń kó agbára jọ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin kó tó tú ọ́síjìn sílẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáànù tí Jian-Ren Shen àti Nobuo Kamiya ṣáájú wọn ya àwòrán rẹ̀ kedere: ẹyọ máńgánísì mẹ́rin àti ẹyọ kálísíọ̀mù kan, tí ẹyọ ọ́síjìn márùn-ún so pọ̀. Ohun kékeré yìí ni ọ́síjìn tí à ń mí ti ń wá.

Bí omi bá ti fọ́, agbára tó jáde nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibì kan dé ibòmíràn. Irin àti bàbà ni wọ́n ń gbé e, láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí àwọn tó tò sí ẹ̀bá kànga tí wọ́n ń na korobá omi sí ara wọn. Síńkì náà wà níbẹ̀, ó ń ṣèrànwọ́ kí gáàsì kábọ́nì tètè dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó.

Ẹnu kéékèèké abẹ́ ewé

Pòtásíọ̀mù kò jókòó sínú òrùka, kò fọ́ omi, síbẹ̀ òun ni ewé ń lò jù nínú gbogbo àwọn onírin wọ̀nyí. Iṣẹ́ aṣọ́nà ló ń ṣe. Abẹ́ ewé kún fún ẹnu kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ètè méjì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, pòtásíọ̀mù á wọ́ wọ inú ètè méjèèjì, omi á tẹ̀ lé e, ètè náà á wú, ẹnu á là, gáàsì kábọ́nì á sì wọlé. Bí omi bá ń wọ́n, pòtásíọ̀mù á jáde, omi á bá a jáde, ètè á rọ̀, ẹnu á pa dé.

Ọ̀pẹ tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ kò tó, ẹnu rẹ̀ kò ní í là tó nígbà tí omi wà, kò sì ní í pa dé bó ti yẹ nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Àdánù méjì nìyẹn: kò rí oúnjẹ sè tó, omi tó sì yẹ kó fi pamọ́ ń bọ́ lọ. Ní Pobè tí ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gùn láti bí oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá títí di oṣù kẹta, tí òjò sì tún máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Pòtásíọ̀mù ló tún ń ran ṣúgà lọ́wọ́ láti ti ewé dé inú ẹyìn. Ewé lè se oúnjẹ tán kí oúnjẹ náà má rí ẹni gbé e lọ fún ọmọ.

Kíka ewé kí a tó mú àáké

Ewé a máa sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń wò ó. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni ibi tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Pòtásíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù jẹ́ ohun tí igi lè kó láti ibì kan lọ síbòmíràn. Nígbà tí kò bá tó, igi á gbà á lọ́wọ́ àwọn imọ̀ àgbà tó wà nísàlẹ̀, á fi fún màrìwò tó ń yọ lókè, bí ìyá tó fi oúnjẹ ẹnu rẹ̀ fún ọmọ. Nítorí náà, bí ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n tí òkè sì tutù yọ̀yọ̀, kí a fura sí àwọn méjì yìí. Irin àti máńgánísì kì í ṣí kúrò níbi tí wọ́n bá ti jókòó sí bọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àwọn ni kò tó, ewé tuntun ni yóò kọ́kọ́ ṣì ní àwọ̀.

Bó bá jẹ́ pòtásíọ̀mù, àmì tótòòtó tí àwọ̀ wọn dà bí ti ọsàn ni yóò wà lára ewé. Bí a bá gbé ewé náà sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ lára àwọn àmì náà. Bó bá pẹ́, wọn á pọ̀, wọn á pàdé ara wọn, etí ewé á sì gbẹ.

Bó bá jẹ́ màgínísíọ̀mù, gbogbo ojú ewé tí oòrùn ń pa ni yóò pọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí ewé mìíràn bá ti ṣíji bò ó yóò ṣì tutù. Ó dà bí ọwọ́ ẹni tó ń wọ aago lójú oòrùn: bó bá bọ́ aago náà, ibi tó bò ní àwọ̀ tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé iná oòrùn kò dín kù, ṣùgbọ́n ilé ìdáná kò ní ohun èlò tó mọ́. Agbára tí ewé kò rí lò a wá yí padà, a máa jó àwọ̀ ewé náà fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ tó wà ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí ìlú Bìní ní Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NIFOR lónìí, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àìsàn yìí. Ohun tí àwọn ènìyàn ti rò pé àrùn ni, wọ́n fi hàn pé àìtó màgínísíọ̀mù ló fà á.

Ojú nìkan kò tó, nítorí ebi ti lè máa pa igi kí àmì tó hàn. Ọ̀nà tí IRHO gbé kalẹ̀, tí wọ́n sì ń lò kárí ayé lórí ọ̀pẹ, ni kíka imọ̀. Imọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là tán lókè ni wọ́n ń pè ní ìkínní. Imọ̀ ọ̀pẹ máa ń yí igi ká bí àtẹ̀gùn, ìkẹsàn-án sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀ ìkínní, ìkẹtàdínlógún nísàlẹ̀ ìkẹsàn-án. Lára ìkẹtàdínlógún yìí, ní àárín rẹ̀, ni wọ́n ti ń já ewé díẹ̀, tí wọ́n á gbẹ, tí wọ́n á sì gbé lọ wọ̀n. Nínú 100 gíráàmù ewé gbígbẹ ọ̀pẹ tó ti dàgbà, nǹkan bíi gíráàmù 1 pòtásíọ̀mù àti gíráàmù 0.24 màgínísíọ̀mù ni wọ́n kà sí ààlà. Bó bá lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ebi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ fi owó ra ajílẹ̀. Pòtásíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù ń du ọ̀nà kan náà níbi gbòǹgbò. Ẹni tó bá ń da pòtásíọ̀mù nìkan sídìí ọ̀pẹ láìwọ̀n ọ́n lè wo àìsàn kan kó sì fa òmíràn: àmì tótòòtó á lọ, ewé á wá máa pọ́n níbi tí oòrùn ti ń pa á.

Eérú inú ìkòkò

Ní ọdún 1807, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Humphry Davy fi agbára mànàmáná yọ irin kan tó funfun bíi fàdákà tó sì rọ̀ bí ọṣẹ jáde láti inú ohun tí wọ́n ń rí nínú eérú igi. Ní ayé ìgbà náà, inú ìkòkò ni wọ́n ti ń se omi eérú kó lè gbẹ. Láti inú “eérú ìkòkò” yìí ni orúkọ pòtásíọ̀mù ti wá, “potasse” tí à ń gbọ́ nínú èdè Faransé sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti mọ irin yìí kí orúkọ rẹ̀ tó dé. Wọ́n ń sun ìdì ọ̀pẹ tí a ti gbọn ẹyìn rẹ̀ kúrò, wọ́n ń da omi sórí eérú rẹ̀ kó máa sẹ̀, wọ́n sì ń se omi náà pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Ohun tó ń ta ọwọ́ ẹni nínú omi eérú náà, pòtásíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ti ọ̀pẹ, ọ̀nà tí ewé fi ń di ọṣẹ kò fara sin: ohun tó ń ṣílẹ̀kùn ẹnu ewé ló wá di ohun tó ń fọ aṣọ.

Ibí yìí ni ìṣirò tó kan gbogbo ilé tó ní ọ̀pẹ wà. Epo pupa, láti inú afẹ́fẹ́ àti omi ló ti wá. Kábọ́nì, háídírójìn àti ọ́síjìn ni gbogbo ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àdín. Ẹni tó bá ta àgbá epo kan, oòrùn, afẹ́fẹ́ àti òjò ló tà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan tó gbé kúrò nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú odindi tọ́ọ̀nù kan ìdì ẹyìn, nǹkan bíi kílò 3 sí 4 pòtásíọ̀mù ló wà, pẹ̀lú màgínísíọ̀mù tí kò tó kílò kan. Inú ìdì òfìfo, inú háhá tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá fún epo tán, àti inú omi ẹlẹ́gbin ibi ìfúnpo ni wọ́n wà, kì í ṣe inú epo. Oko tó bá ń mú tọ́ọ̀nù 5 ìdì ẹyìn wá lọ́dún, kílò 15 sí 20 pòtásíọ̀mù ló ń ti ibẹ̀ jáde. Láàárín 20 ọdún, ó di kílò 300 sí 400. Ilẹ̀ pupa kò ní àká tó lè san irú gbèsè bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó ń dá a padà fún un.

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe kò le, kò sì gba owó púpọ̀. Ìdì òfìfo tó wà níbi ìfúnpo, kí wọ́n gbé e padà sídìí ọ̀pẹ, kí wọ́n tẹ́ ẹ ní ipele kan ṣoṣo. Kí wọ́n má kó o jọ ní òkìtì, nítorí kòkòrò ńlá tó ń gbẹ́ ọkàn ọ̀pẹ a máa fi òkìtì jíjẹrà ṣe ibi ìbímọ. Imọ̀ tí wọ́n bá gé, kí wọ́n tò ó sáàárín ìlà, kí wọ́n má dáná sun ún. Bó bá jẹrà, òun ni ilẹ̀dú tí yóò di èròjà mú nígbà òjò. Bó bá jẹ́ eérú ni wọ́n ní, kí wọ́n fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ yí igi ká, nítorí òjò líle kan lè fọ gbogbo rẹ̀ lọ bí wọ́n bá dà á sójú kan. Kí wọ́n má sì pò ó pọ̀ mọ́ yúríà tàbí ajílẹ̀ mìíràn tó ní naitrójìn, nítorí eérú a máa lé agbára ajílẹ̀ náà lọ sínú afẹ́fẹ́. Sísun ìdì di eérú fúnra rẹ̀ ní àdánù tirẹ̀: pòtásíọ̀mù á kù, ṣùgbọ́n naitrójìn àti ilẹ̀dú ti bá èéfín lọ.

Ẹni tó ń ta odindi ìdì ẹyìn fún ilé iṣẹ́ tó jìnnà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le díẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó gbé ẹyìn lọ gbé pòtásíọ̀mù lọ pẹ̀lú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ kó bèèrè bóyá ọkọ̀ náà lè gbé ìdì òfìfo bọ̀ nígbà tó bá ń padà wá. Bí kò bá ṣeé ṣe, a jẹ́ pé iye owó ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò rẹ̀ kó tó sọ pé òun jèrè.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe ọṣẹ wá kù. Eérú tí ọ̀pẹ ń fẹ́ ni eérú tí wọ́n ń fẹ́, ọṣẹ wọn sì ń bọ́ ọmọ, ó ń san owó ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n jáwọ́. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, obìnrin tó ń fún epo àti ọkùnrin tó ni oko ọ̀pẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan náà ni, wọ́n sì lè jọ jókòó pín in: èyí tó tó ọṣẹ, kí a sun ún. Èyí tó kù, kó padà sí ìdí igi kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Ní ọdún tó bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n lọ wo àwọn imọ̀ ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè ẹni tó fẹ́ fi àáké ṣiṣẹ́.